Bẹ́rìn Mẹ́jọ: Ọdún Márùn-ún tí Mo Fi Gun Kẹ̀kẹ́ Oníṣọ́ọ̀kì Méjì ní Òṣogbo

Ariwo ló kọ́kọ́ dé. Bí mo bá ń pọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìrágbìjí, tí mo tẹ pẹ́dà le, màá gbọ́ ọ lábẹ́ ìdí mi: kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí mo fọwọ́ mì ín, kò ní dún mọ́. Odidi oṣù méjì ni mo fi wá a kiri. Mo tú pẹ́dà, mo fi gírísì sí i, ó ṣì ń dún. Mo yọ òpó ìjókòó, mo nù ún, mo fi gírísì pa á, ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ó tún padà. Mo tilẹ̀ ra ṣéènì tuntun. Owó yẹn dùn mí, nítorí ṣéènì kọ́ ló ń ké.

Kí n sọ irú kẹ̀kẹ́ tó jẹ́, torí ẹni tó bá gbọ́ "kẹ̀kẹ́" ní Òṣogbo lónìí, Máruwá ló máa wá sí i lọ́kàn. Èyí tí mò ń sọ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gùn lórí àpáta àti nínú igbó. Ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú, ó tún ní òmíràn láàárín férémù tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn lọ sókè sódò. Tòkunbọ̀ ni. Ọdún 2019 ni mo rà á ní náírà 95,000, gbogbo ẹni tó rí i nígbà náà ló ní mo ti ju owó sómi. Òótọ́ ni pé kò rọrùn láti tọ́jú bíi Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn. Ẹ̀yìn Raleigh àti iwájú rẹ̀, irin kan náà ni. Ẹ̀yìn tèmi, apá ọ̀tọ̀ ni, tí wọ́n fi bóòtù kọ́ mọ́ ara férémù ní oríkèé mẹ́rin. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní bẹ́rìn méjì, ìyẹn òrùka irin tí àwọn ọmọ irin róbótó wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí oríkèé lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mẹ́jọ lápapọ̀.

Mo ti gùn ún dáadáa. Mo ti gbé e gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń bá irin réluwéè lọ sápá Ìkìrun, mo ti gbé e gba ojú ọ̀nà oko lẹ́yìn Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo sì ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn òkè Ìrágbìjí níbi tí òkúta pọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ lásán á ta èèyàn dànù. Igbó Ọ̀ṣun nìkan ni n kì í gbé e wọ̀. Ibi ọ̀wọ̀ ni, ẹsẹ̀ là ń fi í rìn níbẹ̀.

Àbúrò mi ló jẹ́ kí n rí ibi tí ariwo wà. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kó máa tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ léraléra bí ẹni ń gún iyán. Èmi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń fi ìka kan oríkèé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé èyí tó ga jù, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ti ìsàlẹ̀, nítòsí pẹ́dà, mo bá a tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka mi ní gbogbo ìgbà tó bá ké. Etí máa ń tan èèyàn lórí irú kẹ̀kẹ́ yìí, nítorí pé ihò ni inú férémù rẹ̀, ohùn a sì máa gba inú ihò náà rìn lọ síbi tí kò ti wá. Ká ní mo ti lo ìka láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, n ò bá má ra ṣéènì.

Kó lè dá mi lójú, mo tú bóòtù tó so ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́ férémù, kí apá ẹ̀yìn lè dá wà, mo wá fọwọ́ gbé e sókè, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé ilẹ̀ ni. Tèmi ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ, bí ìgbà tí iyanrìn wà lẹ́nu ọlọ.

Ó gbà mí ní ọ̀sán Sátidé kan láti tú u. Mo fi fóònù ya fọ́tò kí n tó tú bóòtù kọ̀ọ̀kan, mo sì kó bóòtù oríkèé kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé tí mo kọ ibi tó ti jáde sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó má fojú di ìyẹn, nítorí bóòtù mẹ́ta nínú wọn jọra tí gígùn wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀. Mo fín WD-40, òróró tó ń tú irin tó ti dípẹtà, sí i, mo fi sílẹ̀ mọ́jú, ó gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí oríkèé ìsàlẹ̀ ṣí, omi pupa ló ṣàn jáde. Nínú bẹ́rìn mẹ́jọ, mẹ́ta kò yí rárá, méjì ń fi tipátipá yí, mẹ́ta tó kù ṣì dára. Mo sì mọ ohun tó fà á. Láti ọdún kejì tí mo ra kẹ̀kẹ́ yìí, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ tí ẹrẹ̀ pupa bò ó, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni mo ń gbé e lọ. Omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù wọn lágbára ju ohun tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu bẹ́rìn lè dá dúró. Bó ṣe ń lé ẹrẹ̀ kúrò lára férémù, bẹ́ẹ̀ ló ń ti omi wọ inú oríkèé. Bẹ́rìn táyà lè fara dà á díẹ̀, torí pé ó ń yí po, gírísì rẹ̀ ń tàn káàkiri. Ti oríkèé kì í yí po. Díẹ̀ ló ń lọ, díẹ̀ ló ń bọ̀, ojú kan náà ni ọmọ irin inú rẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Bí omi bá ti débẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa jẹ. Láti ìgbà náà, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànìnkànìn ni mo fi ń fọ̀ ọ́.

Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ náà máa há sí ni ibi tí mo ti máa rí bẹ́rìn rà. Mo lọ bá bàbá kan tó ń ta páàtì ọ̀kadà.

"Ẹ kú ọjà o, Alhaji. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bẹ́rìn kẹ̀kẹ́ ni mò ń wá."

"Kẹ̀kẹ́ wo? Máruwá?"

"Rárá sà. Èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni."

"A ò ta ti kẹ̀kẹ́ yẹn, ọmọ mi. Lọ wo àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ ọmọdé."

Mo ti fẹ́ yíjú padà kí n tó rántí pé mo kó àwọn ti àtijọ́ dání. Mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì. Bàbá fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. "608 ni. O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀! Mélòó lo fẹ́?"

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú kẹ̀kẹ́ yìí mọ̀ nìyẹn. Ẹ má wá bẹ́rìn kẹ̀kẹ́. Ẹ wá nọ́ńbà. Bẹ́rìn 608, tí mẹ́rin rẹ̀ wà nínú oríkèé tèmi, òun náà ló wà nínú bàtà onítáyà tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀, ó sì wà nínú oríṣiríṣi ẹ̀rọ kéékèèké. Nọ́ńbà yẹn kò yí padà láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn: ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ 22, nínípọn rẹ̀ 7. Bí ẹ bá tún rí 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà náà, ó túmọ̀ sí pé rọ́bà bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìyẹn ni kí ẹ rà, torí ẹrẹ̀.

Oríkèé ìsàlẹ̀ ló ṣòro. 6902 ló ń lò, Alhaji kò ní i. Wọ́n gbé 6202 wá, wọ́n ní ihò kan náà ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lára irú nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin yìí, méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ihò àárín: 00 jẹ́ mìlímítà 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Ṣùgbọ́n méjì tó ṣáájú ló ń sọ bóyá ara rẹ̀ nípọn tàbí ó tẹ́ẹ́rẹ́. 6902 fẹ̀ tó mìlímítà 28, ó nípọn tó 7. 6002 fẹ̀ tó 32, ó nípọn tó 9. 6202 tí wọ́n gbé wá fẹ̀ tó 35, ó nípọn tó 11, kò sí bó ṣe máa wọ férémù mi láé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo ra 608 mẹ́rin ní náírà 800 ẹyọ kan, mo wá pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn. Ó dé Géètì ní Agodi, ó rí 6902 méjì àti 6900 méjì tó kù, ó fi wọ́n ránṣẹ́ ní wáyábíìlì. Náírà 4,000 ni 6902 kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì ni mo gbà á ní gáréèjì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hámà gbá bẹ́rìn wọ inú férémù yín. Mẹkáníìkì ọ̀kadà tí mo kọ́kọ́ lọ bá ti gbé hámà kí n tó sọ̀rọ̀ tán, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Férémù náà, alumíníọ̀mù ni. Bí bẹ́rìn bá wọ̀ ọ́ ní wíwọ́, ó máa gé ojú ihò, ihò tó bá sì ti gé kò ní di bẹ́rìn mú mọ́. Ọ̀pá irin tí wọ́n gé ojú nọ́ọ̀tì sí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni mo rà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì àti wọ́ṣà ńláńlá. Ọ̀gá kan tó ń fi léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin po láti gé e, ṣiṣẹ́ bá mi gé òrùka kan fún 6902, tí fífẹ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí mìlímítà 28. Iṣẹ́ òrùka náà ni pé kó máa tẹ etí ìta bẹ́rìn nìkan. Bí èèyàn bá fi agbára tẹ etí inú, àwọn ọmọ irin àárín ló máa gba gbogbo ìyà náà, bẹ́rìn á sì ti bàjẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Mo kó bẹ́rìn tuntun sínú fírísà aládùúgbò wa tó ń ta omi tútù, mo gbé férémù sínú oòrùn. Irin tó tutù a máa sún kì, alumíníọ̀mù tó gbóná a máa fẹ̀. Kò ju bí ẹ̀mí ẹ̀fọn lọ, àmọ́ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Kí n tó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí i, mo fi abẹ́rẹ́ ṣí rọ́bà rẹ̀, mo fi gírísì kún inú rẹ̀ dẹ́nu, nítorí pé gírísì tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ kò pọ̀. Èyí tó máa yí kíákíá kò yẹ kó kún bẹ́ẹ̀. Ti oríkèé, kò sí ewu. Mo ti ọ̀pá náà gba inú ihò, mo wá ń yí nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ kó lè máa ti bẹ́rìn wọlé. Ẹ̀kẹta wọlé ní wíwọ́, mo yọ ọ́, mo tún un ṣe. Àwọn tó kù lọ tààrà. Nígbà tí bẹ́rìn bá kan ìsàlẹ̀, sípánà máa ń yí ohùn padà lọ́wọ́ èèyàn, ibẹ̀ ni mo ń dúró.

Lórí bóòtù, mo kán gọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tó ń dá bóòtù dúró, mo yá sípánà tó ń ka agbára lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, mo sì mú un dé iye tí wọ́n kọ sórí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín.

Ó ku ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹnu fáàfù rẹ̀ sì bá ti táyà ọ̀kadà dọ́gba, èyí ló ń tan àwọn fọkanáísà wa jẹ. Ní 2020, ọ̀kan fi páìpù ẹ̀rọ rẹ̀ sí tèmi. Inú ṣọ́ọ̀kì kéré gan-an, ohun tí ẹ̀rọ ńlá ń tú sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe ohun tí èèyàn lè wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò lágbára tó láti dé iye tí mo fẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tó lè dé 300 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), ni mo padà rà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ra sí kẹ̀kẹ́ yìí, òun ni mi ò lè ṣe láìní. Ṣọ́ọ̀kì mi ń rìn tó mìlímítà 50. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú báàgì àti omi lẹ́yìn, ó yẹ kó rì tó 15, rọ́bà róbótó kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń fi í hàn. Ní 170 psi, ó rì 17. Mo fi díẹ̀ kún un, ó dé 15.

Bíréèkì tèmi, òróró mineral ni ilé iṣẹ́ Shimano ṣe é fún. DOT 4, òróró bíréèkì mọ́tò, tó wà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Mi ò fọwọ́ kàn án lọ́tẹ̀ yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo pọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìrágbìjí. Táyà nìkan ni mo gbọ́ lórí ilẹ̀. Nígbà tí mo dé òkè, mo dúró, mo yí padà, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo tún pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá mi lójú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo yẹ bóòtù wò. Ọ̀kan ti dẹ̀ díẹ̀, mo mú un padà. Bẹ́rìn mẹ́ta àtijọ́ tó ṣì dára, mo fi kerosíìnì fọ̀ wọ́n, mo fi gírísì sí wọn, wọ́n wà nínú agolo Milo. Mo wá fi máákà kọ ọ́ sábẹ́ férémù, níbi tí ẹrẹ̀ kì í dé: 6902 méjì, 6900 méjì, 608 mẹ́rin.