Bá a ṣe lè fi kọmáǹdì kékeré kan kó gbogbo kóòdù ìdánwò wa sójú kan

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ kóòdù ní Abẹ́òkúta, yálà FUNAAB lẹ wà o tàbí ṣọ́ọ̀bù kan ní Panṣẹ́kẹ́ lẹ ti ń tẹ láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Desktop yín wò ná. Ẹ máa rí test, test2, test-final, àti asdf kan tẹ́nikẹ́ni ò rántí ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí ìgbà téèyàn kàn ń dán nǹkan wò, tí ò sẹ́ni tó ń lé e, ló sábà máa ń kọ nǹkan gidi, inú irú fóldà yẹn náà ló sì ń sọnù sí.

Ohun tá a máa ṣe rèé: fóldà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ danwo, ìdánwò kọ̀ọ̀kan á ní déètì níwájú orúkọ ẹ̀, kọmáǹdì kan náà lá máa dá a sílẹ̀, òun náà lá sì máa gbé wa padà síbẹ̀. Bash, ìyẹn ètò tó ń gba kọmáǹdì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ nínú tẹ́mínà, tó wà lórí Linux, WSL (Linux inú Windows) àti Termux (tẹ́mínà orí fóònù Android) ti tó. Tí git (tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù) bá ti wà níbẹ̀, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi dátà wá. Ẹ ṣí tẹ́mínà, kẹ́ ẹ tẹ nano ~/.bashrc (fáìlì tí bash máa ń kà tó bá ń ṣí), kẹ́ ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ fi èyí síbẹ̀:

```
danwo() {
  local ile="$HOME/danwo"
  mkdir -p "$ile"
  if [ -z "$1" ]; then
    ls -1t "$ile" | head
    return
  fi
  local eyi
  eyi=$(ls -1t "$ile" | grep -i -m1 -- "$1")
  if [ -n "$eyi" ]; then
    touch "$ile/$eyi"
    cd "$ile/$eyi"
  else
    eyi="$ile/$(date +%F)-$1"
    mkdir "$eyi" && cd "$eyi" && git init -q
  fi
}
```

Ẹ save ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ source ~/.bashrc. Tí git ò bá tíì sí, sudo apt install git lórí Ubuntu, pkg install git ní Termux. Ẹ̀yin oní-Mac, zsh ni Mac ń lò látọdún 2019, inú ~/.zshrc ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ó yá, ká ní ẹ fẹ́ kọ nǹkan kékeré tó máa bá àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ṣírò yáàdì àti owó. Ẹ tẹ danwo adire. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2025 ni, fóldà 2025-03-14-adire á jáde, git á ti wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin náà á ti wà nínú ẹ̀. Tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ tún tẹ danwo adire, kò ní dá tuntun sílẹ̀, ibẹ̀ náà lá gbé yín lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ danwo lásán, á to mẹ́wàá tẹ́ ẹ wọ̀ kẹ́yìn fún yín. Orúkọ tó bá ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ẹ fi - so ó pọ̀, ẹ má fi àlàfo sí i.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá ò kọ ọ́ sínú fáìlì skríptì tiẹ̀. Skríptì tẹ́ ẹ bá rọ́ọ̀nù, bash míì ló ń gbé e ṣe, bí ìgbà téèyàn rán ọmọ lọ sí Láfẹ́nwá ni: ọmọ dé Láfẹ́nwá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó rán an ṣì jókòó sílé. Torí náà cd tó wà nínú skríptì ò lè sún tẹ́mínà yín kúrò níbi tó wà. Èyí tá a kọ sínú .bashrc, inú bash yín gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́.

Touch yẹn náà, tó ń sọ àkókò fóldà di ìsinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́. Ls -t ń wo ìgbà tí fóldà yí padà, tẹ́ ẹ bá sì kàn tún fáìlì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ, fóldà lè má yí padà rárá, ìdánwò tẹ́ ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ á wá máa lọ sísàlẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: grep ń wá ibikíbi tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà nínú orúkọ, tẹ́ ẹ bá tẹ danwo adi, adire lá gbé yín lọ, kò ní ṣí tuntun.

Tí ààyè bá ń tán, pàápàá lórí fóònù, ẹ tẹ du -sh ~/danwo/* | sort -h, èyí tó tóbi jù lá wà nísàlẹ̀. Node_modules, ìyẹn fóldà tí npm ń kó kóòdù táwọn míì kọ sí, ló sábà máa ń fà á. Ẹ lè pa á rẹ́, npm install á dá a padà, àmọ́ dátà yín ló máa jẹ, nítorí náà èyí tẹ́ ẹ ò lò mọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ pa.

Tí adire bá wá di nǹkan táwọn èèyàn ti ń lò, kò yẹ kó ṣì wà láàárín ìdánwò. Ẹ kó o jáde:

```
mkdir -p ~/ise
mv ~/danwo/2025-03-14-adire ~/ise/adire
cd ~/ise/adire
```

Gbogbo commit (àtúnṣe tẹ́ ẹ ti fi pa mọ́ sínú git) tẹ́ ẹ ti ṣe á tẹ̀ lé e, torí inú .git tó wà nínú fóldà yẹn ni wọ́n wà.