₦45,000 àti Orúnkún Tó Wú

₦45,000 ni mo san sí jíìmù kan n'Íbàdàn fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ méjì péré ni mo lọ. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni ò túmọ̀ fún mi ló fa gbogbo wàhálà.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, ọmọkùnrin tó ń darí wa ní, "Mọ́mì, squat, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, rẹ́ẹ̀pù méjìlá-méjìlá," ló bá gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀ láìsinmi. Mo lóṣòó, mo dìde, mo tún lóṣòó, títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n. Gìgísẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀, orúnkún mi ń wọ inú, kò sẹ́ni tó wò mí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, itan ń ro mí. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, ara tí kò mọ eré ìdárayá máa ń ro fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta. Àmọ́ orúnkún ọ̀tún wú. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń di ògiri mú gun àtẹ̀gùn ilé ara mi. Mo ní kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó mi, wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ló là mí lóye. "Mọ́mì Mọ́kọ́lá, tí ẹ bá lóṣòó tí ẹ dìde, rẹ́ẹ̀pù kan nìyẹn. Tó bá pé méjìlá, sẹ́ẹ̀tì kan ni. Ẹ wá sinmi kí ẹ tó mú òmíràn." Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ! Nígbà tí wíwú náà lọ, ó gbé àga sẹ́yìn mi: kí n ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi má kúrò nílẹ̀, kí orúnkún kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kí ìdí sì kan àga kí n tó dìde. Rẹ́ẹ̀pù márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì méjì, la fi bẹ̀rẹ̀. Méjìlá lọ́nà mẹ́ta ni mo ń ṣe báyìí, mo sì ti gbé àga kúrò.

Ìrìn kíákíá ni ìyókù, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 150 ìṣẹ́jú, iye tó kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe. Tí mo bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí mi ò lè kọrin, mo mọ̀ pé mo ń rìn ín dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó jíìmù, ẹ lóṣòó níwájú ẹni tó máa kọ́ yín. Tí kò bá wo orúnkún yín, ẹ máa gbówó yín lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gun Òkè Màpó, mi ò dúró sinmi lọ́nà.