Àpótí Wo Ló Yẹ Wúfà Ọkọ̀ Rẹ?

Kí o tó náwó ní Alábà, wo ìwé tó bá wúfà (sípíkà tó ń gbé béèsì jáde) wá: ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n àpótí rẹ̀ sí. Wúfà íǹṣì 12 sábà máa ń fẹ́ bíi lítà 28 nínú àpótí tí a dé pa, àti bíi lítà 50 sí 57 nínú àpótí oníhò.

Èyí tí a dé pa kì í gba àyè púpọ̀ nínú bùútù. Béèsì rẹ̀ kì í fà. Ìlù kọ̀ọ̀kan inú fújì á dún ketekete. Oníhò máa ń dún sókè jù ú lọ pẹ̀lú amp (ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára) kan náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ewu wà. Bí orin bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ihò náà sí, bíi 35 Hz (ìgbọ̀n 35 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), afẹ́fẹ́ inú àpótí kò ní lè di wúfà mú mọ́. Á máa jù síwá sẹ́yìn títí tí kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀) á fi bàjẹ́. Nítorí náà, tan subsonic filter amp, èyí tó ń dí ohùn tó bá lọ sílẹ̀ jù, sí nǹkan bíi 30 Hz. Má fo èyí.

Pákó MDF mílímítà 18 ni kí káfíńtà lò, kó fi sílíkóònù dí gbogbo oríkèé láti inú. Òjò Èkó kì í bá MDF ṣe ọ̀rẹ́: bí bùútù bá ń jò, á wú. Marine board, pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́, ló sàn nígbà náà.