Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe “borrow” nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀-ìṣe “borrow” máa ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú, nítorí pé “yá” kan náà ni a fi ń sọ pé a yá owó lọ́wọ́ ẹnìkan àti pé a yá ẹnìkan lówó. Inú “borgian” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ó ti wá, èyí tí ó tan mọ́ “borg”, ìyẹn ohun ìdógò. Ó sì dùn mọ́ mi pé “borgian” náà lè túmọ̀ sí ìhà méjèèjì. Lónìí, ẹni tí ó gbà nìkan ni ó ni “borrow”, “from” ni ó sì máa ń tẹ̀lé e: “I borrowed a pen from Bọ́lá.” Bí ẹ bá fẹ́ kí Bọ́lá yá yín ní tirẹ̀, ẹ wí pé “Please lend me your pen”, kì í ṣe “borrow me”.