Káàdì Eré Ìdárayá Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Páálí Ìgbà Èwe Jẹ́

Ọ̀pọ̀ káàdì eré ìdárayá, ìyẹn ìwé líle kékeré tí wọ́n tẹ àwòrán eléré sí, ló ti fi ogójì ọdún wà nínú páálí láìfarapa, tó wá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó ni ín padà sídìí rẹ̀ gan-an ló bàjẹ́. Inú ń dùn, ara ń yá, ọwọ́ sì ń kánjú. Ẹ ka èyí kí ẹ tó tú páálí yẹn, pàápàá bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti wà ṣáájú ọdún 1980.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé ni rọ́bà tí ẹ fi dì wọ́n pọ̀ nígbà náà. Ẹ má fà á. Rọ́bà tó ti gbó máa ń gan mọ́ etí káàdì, bí ẹ bá sì fà á, á bó ìwé lára èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹ rọra ti pélébé páálí kan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e lórí páálí náà. Èyí tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ káàdì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Káàdì dídán ti àwọn ọdún 1990 tí ọ̀rinrin ti mú lẹ̀ pọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá fipá yà wọ́n, ojú ọ̀kan á bá ẹ̀yìn èkejì lọ. Ẹ fọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, etí káàdì ni kí ẹ sì máa mú, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn wá jù ni ti àwọn tó fẹ́ tún káàdì ṣe. Ẹni tó rí àmì pẹ́ńsù á mú irésà, ẹni tó rí àbàwọ́n ṣingọ́ọ̀mù á ki aṣọ bọ omi, ẹni tí igun káàdì rẹ̀ ti rún á fi èékánná tẹ̀ ẹ́ padà. Irésà máa ń ho dídán ojú páálí kúrò. Ẹ gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ sábẹ́ iná tó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ibi tó ti ṣú, bí ìgbà tí èémí bo dígí. Omi ní tiẹ̀ máa ń wú páálí, páálí tó bá sì ti wú kì í padà sí bó ṣe wà.

Gígé etí ló wá burú jù. Ì báà má ju ìbú irun orí kan lọ tí ẹ gé, àwọn tó ń yẹ káàdì wò á rí i. Etí tó ti pé àádọ́rin ọdún máa ń ní irun páálí wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti pọ́n díẹ̀. Etí tí abẹ gé lánàá á funfun, á sì jọ̀lọ̀. Káàdì Honus Wagner kan wà, eléré baseball ayé àtijọ́, láti inú ọ̀wọ́ T206 tí iléeṣẹ́ tábà Amẹ́ríkà tẹ̀ láàárín 1909 sí 1911, tí PSA, iléeṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò tó sì ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, fún ní máàkì 8 lọ́dún 1991. Lọ́dún 2013, oníṣòwò káàdì kan tó ti fìgbà kan ni ín jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun gé etí rẹ̀. Òkìkí káàdì yẹn ló gbà á sílẹ̀, káàdì tiyín kò sì ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ máàkì á kọ̀ láti fún káàdì tí ẹ gé ní máàkì rárá, bí ẹ bá sì tà á fẹ́lòmíì láìsọ, jìbìtì lẹ lù. Ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Káàdì tó dọ̀tí àmọ́ tó pé ṣì ní oníbàárà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń kó wọn sí. Púpọ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù àwọn ọdún 1970 àti 1980 ló jẹ́ PVC, irú ike kan tó rọ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ike tuntun, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kẹ́míkà inú rẹ̀ ti ń jáde sára káàdì nìyẹn. Ike polypropylene tàbí polyethylene ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní PVC àti ásíìdì. Fáìlì tí irin rẹ̀ rí róbótó máa ń há ojú ewé àkọ́kọ́, á sì tẹ àpá sára káàdì ibẹ̀. Ẹ wá èyí tí irin rẹ̀ rí bíi lẹ́tà D.

Ìwọ̀n náà ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ọdún 1957 ni Topps, iléeṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ káàdì baseball di íńṣì 2½ sí 3½. Ti 1952 jẹ́ íńṣì 2⅝ sí 3¾, kò sì lè wọ àpò ọ̀rá tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Bí ẹ bá fi tipátipá tì í wọlé, igun ìsàlẹ̀ méjèèjì á ká kí ẹ tó mọ̀. Ẹ béèrè àpò tí wọ́n ṣe fún káàdì ńlá àtijọ́. Inú àpò ọ̀rá ni káàdì ń kọ́kọ́ wọ̀ kó tó wọ toploader, ìyẹn ike líle, torí èyí tó bá wọ ibẹ̀ níhòòhò á ha. Ní ti ike tó ní síkúrù mẹ́rin, ẹ tú káàdì kúrò nínú rẹ̀ lónìí. Síkúrù tí wọ́n yí le máa ń tẹ káàdì pẹlẹbẹ títí á fi fẹ̀ ju bó ṣe yẹ, iléeṣẹ́ máàkì á sì kà á sí èyí tí wọ́n ti dárà sí.

Ibi rírà ni owó ńlá ti ń ṣòfò. Káàdì tí ọwọ́ wa ò tó lọ́mọdé lọkàn wa ń fà sí: eléré baseball Mickey Mantle ti Topps 1952, nọ́ńbà 311, tàbí eléré basketball Michael Jordan ti iléeṣẹ́ Fleer 1986, nọ́ńbà 57. Àwọn yìí gan-an ni ayédèrú kún ara wọn. Ẹ ra awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gbé e lé ojú Jordan, ẹ ó rí àmì tótòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n tò pọ̀ bí òdòdó wẹ́wẹ́. Ẹ wá sún un sórí orúkọ àti ìlà dúdú. Lára ojúlówó, dúdú náà kún dọ́ba, etí rẹ̀ sì gún. Lára èyí tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, lẹ́tà fúnra rẹ̀ á ti fọ́ sí tótòtó, etí rẹ̀ á sì rí jágajàga. Fún káàdì tó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ tan iná UV sí i nínú òkùnkùn. Ìwé ìgbà yẹn kò ní kẹ́míkà tó ń mú ìwé funfun, nítorí náà bó bá tàn yòò ní búlúù, ìwé tuntun ni. Àmọ́ pé kò tàn kò túmọ̀ sí pé ojúlówó ni. Topps fúnra wọn tún káàdì 1952 tẹ̀ lọ́dún 1983, ní íńṣì 2½ sí 3½. Rúlà lásán ti tó láti mọ ìyẹn.

Ẹ má sì sáré kó gbogbo páálí lọ gba máàkì. Láàárín 1987 sí 1993, wọ́n tẹ káàdì bí ẹni tẹ ìwé ìròyìn, owó tí PSA, SGC tàbí Beckett á gbà sì ju iye tí púpọ̀ nínú wọn tó lọ. Ken Griffey Jr., eléré baseball, ti iléeṣẹ́ Upper Deck 1989, nọ́ńbà 1, wà lára ìwọ̀nba tó yàtọ̀. Ẹ fi rúlà wọn etí funfun tòsì àti tọ̀tún: bí ọ̀kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, ẹ má retí 10. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí káàdì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná. Ìṣẹ́po tín-ín-rín tí ojú kì í rí bí èèyàn bá wò ó tààrà máa ń yọ níbẹ̀, òun ló sì ń já máàkì wálẹ̀ jù.

Iye tí ẹnì kan ń béèrè lórí eBay kì í ṣe iye káàdì. Èyí tí wọ́n ti tà tán ni kí ẹ wò, ó kéré tán mẹ́ta, tó ní máàkì kan náà. Mantle tó pa mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lọ́dún 2022 gba máàkì 9.5, kò sọ nǹkan kan nípa èyí tí igun rẹ̀ ti yọ́.

Yàrá tí èèyàn ń gbé ló dára fún wọn, òkè àjà máa ń gbóná jù, abẹ́ ilẹ̀ sì máa ń rin. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù di ẹnu toploader: ó máa ń le tú, káàdì sì lè yọ sára ibi tó ń lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Téèpù àwọn akunlé ni kí ẹ lò, kí ẹ ká etí téèpù náà sínú díẹ̀ kí ẹni tó gbà á lè rí ibi fà. Kí ẹ wá fi páálí méjì há a láàárín, kí páálí náà sì fẹ̀ ju toploader lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.