Ojú Méjì fún Ilé Ìyá Mi

Pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga ni wọ́n kọ́kọ́ jí. Ìyá mi jí láàárọ̀, ó tan súìṣì, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, wáyà tí wọ́n gé ló bá nílẹ̀. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n tún wá kó ewúrẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn lóyún. Abúlé tí mò ń sọ yìí wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé ibẹ̀ kò pọ̀, igi kòkó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ọgbà wa. Bí Ojúde Ọba bá dé tí gbogbo wa wálé, mọ́tò kì í rí ibi gúnlẹ̀ sí. Bí a bá ti túká báyìí, ìyá mi nìkan ló kù, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí ilé ìwé girama.

Ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé lórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká wá mẹ́gáàdì. Àbúrò wa tó wà ní Ìbàdàn ní ká ra ajá; ìyá mi fèsì pé òun kò ní fi ọjọ́ ogbó òun máa se oúnjẹ fún ajá. Nígbà tó wá di pé kámẹ́rà ni, orí mi ló já lé, nítorí èmi ni wọ́n gbà pé mo mọ̀ nípa fóònù.

Ìkánjú ni mo fi ra èyí àkọ́kọ́ ní Èkó: kámẹ́rà tó dà bíi gílóòbù, tí wọ́n ń yí bọ ojú ihò iná. Owó rẹ̀ kò ga, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ roro nínú yàrá mi. Nígbà tí mo gbé e dé abúlé, ó di ẹrù. Wi-Fi ló ń lò, ìyá mi kò sì ní Wi-Fi. Mo fi fóònù mi ṣe hotspot fún un, ó ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi mú iná lọ. Bí iná bá lọ, ojú rẹ̀ fọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, àwọn olè náà kò sì ṣàìmọ̀. Òjò kan tí atẹ́gùn gbé wọ abẹ́ òrùlé ló parí rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí rẹ̀ pé ó lè gba òjò. Èmi ni mi ò kà á.

Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà tí wọ́n sì ń bá ènìyàn gbé e sára ilé. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ wo bó ṣe mọ́ kedere tó,” ó sì ṣí fóònù rẹ̀. Ohun tí mo rí ni àgbàlá ilé onílé: obìnrin kan ró ìró mọ́ àyà, ó ń da omi fún adìyẹ.

Mo ní, “Ta nìyẹn?”

“Kọsítọ́mà wa ni, ní ọ̀nà Òdogbolu.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé ò ń wo àwọn?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lòun bá wọn gbé e, pásíwọ́ọ̀dù kan náà sì ni àwọn máa ń fi sí ti gbogbo ènìyàn, kó má baà dàrú mọ́ àwọn lójú nígbà tí wọ́n bá pè pé ó bàjẹ́. Kò fi ibi kankan sọ ọ́. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ rere ló ń ṣe.

Mo dúpẹ́, mo sì jáde láìra nǹkan kan. Olè ẹ̀yìnkùlé ni mò ń wá ojú tí yóò máa ṣọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó mi ra ojú tí àjèjì yóò máa fi wo ìyá mi. Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù kan náà yìí ti da ayé rú rí. Ní 2016, kòkòrò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú àìmọye kámẹ́rà àti router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, káàkiri ayé, nítorí pé pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá dé láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni àwọn onílé ṣì ń lò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, irú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ni wọ́n kó jọ kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́ka ọ̀nà fún orúkọ ojú òpó, tí Twitter àti Netflix kò fi ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí mélòó kan. Kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri láti máa ṣọ́ ilé ni wọ́n sọ di ẹrú.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò béèrè Mirai. Ó ní, “Kí ó tó rí olè, ṣé kì í ṣe èmi ni yóò kọ́kọ́ rí? Balùwẹ̀ mi ńkọ́?” Balùwẹ̀ náà ni èyí tí bàbá wa fi páànù ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kò ní òrùlé. Ibi tí wọ́n ti jí pọ́ǹpù sì ni mo fẹ́ kọjú kámẹ́rà sí. Mo rí i pé ìyá mi ti wo ibi tí mi ò wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí iṣẹ́ náà padà: mo fi ọjà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Sátidé kan ni mo fi rìn yí ilé ká pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo fi síìmù MTN, Airtel àti Glo sínú fóònù kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dúró gan-an níbi tí kámẹ́rà yóò wà. Mo ṣe é lọ́sàn-án, mo tún ṣe é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo ayé ń lo dátà. Ọ̀kan péré ni 4G rẹ̀ dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Mi ò ní sọ èwo, nítorí abúlé tó tẹ̀ lé tiwa lè rí òdìkejì rẹ̀.

Ní ti iná, bí ilé yín bá ní ìnáfátà tó ń gbé iná tọ̀sántòru, kámẹ́rà oníwáyà ni kí ẹ rà. Irú kan wà tó jẹ́ pé wáyà tó ń gbé àwòrán náà ló ń gbé iná lọ sí i, ó sì lè gùn tó 100 mítà. Kì í sùn, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀. Ilé wa kò ní ìnáfátà, ààrá sì ti fi wáyà wọlé ba tẹlifíṣàn méjì jẹ́ rí. Onísólà tó ń lo síìmù tirẹ̀ ló kù fún wa, mo sì mọ̀ pé ó ní àléébù: kí bátìrì má baà tán, a máa sùn. Ohun kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ooru ara bá kọjá, ìyẹn ló ń jí i, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán. Ẹni tó bá sáré kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó rí.

Àwọn orúkọ tó wà lọ́jà pọ̀: Hikvision, Dahua, Ezviz, Reolink, Tapo, àti ẹgbàágbèje tí kò lórúkọ rárá. Mi ò fi orúkọ dájọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n kéde ihò kan nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Hikvision tí ẹni tó wà lókèèrè lè gbà wọlé láìmọ pásíwọ́ọ̀dù, ilé-iṣẹ́ náà sì gbé àtúnṣe jáde. Ẹni ńlá náà ní ihò. Ohun tí mo wá ń wò ni pé, bí ihò bá yọ, ṣé ẹnì kan wà tí yóò dí i? Mo mú nọ́ńbà tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, mo wá a lórí ojú òpó ẹni tó ṣe é, mo sì wo ìgbà tí àtúnṣe tó kẹ́yìn jáde. Mẹ́rin nínú mẹ́fà tí mo mú kò ní ojú òpó kankan. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ IP66 gàdàgbà sí ara, ìyẹn ni pé eruku kò lè wọ̀ ọ́, omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára kò sì lè ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n ihò tí ènìyàn ń ki síìmù bọ̀ kò ní rọ́bà tó máa dí i. Ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Àwọn nǹkan tó kù kò ná mi ní ju ìbéèrè lọ. Mo ní kí òǹtajà ṣí áàpù rẹ̀ níwájú mi: ṣé yóò fi tipátipá mú mi yí pásíwọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣé yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù mi kí ẹlòmíràn tó lè wọlé? Ṣé mo lè fún ẹ̀gbọ́n mi láyè kó máa wò láìlè yí nǹkan kan padà? Ṣé inú káàdì SD tó wà lára rẹ̀ ni àwòrán yóò máa wà, tàbí dandan ni kí n máa san owó oṣooṣù? Ìdáhùn ọ̀kan péré ló tẹ́ mi lọ́rùn. Owó rẹ̀ tó ti mẹ́ta nínú àwọn aláìlórúkọ. Méjì ni mo rà, dípò mẹ́rin tí mo ní lọ́kàn.

Orúkọ mi àti NIN mi ni mo fi gba síìmù méjèèjì. Èmi fúnra mi ni mo fi áàpù sí fóònù, mo sì kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé tó wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí ìyá mi. Ọmọ tó gun àkàbà bá mi so ó mọ́ ògiri kò rí i. Bóyá ó bínú, n kò mọ̀.

Gbígbé e kọ́ gan-an ló fi ìyà jẹ mí. Mo kọ́kọ́ gbé ti iwájú ilé ga tó mítà mẹ́rin kí ọwọ́ olè má baà tó o. Orí fìlà nìkan ló ń fi hàn mí. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mítà mẹ́ta. Lóru, àwòrán funfun báláú, kò sí ohun tí mo rí: ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń da ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí kámẹ́rà fi ń ríran lóru tí ojú ènìyàn kò rí, padà sí i lójú. Mo yí i síta díẹ̀, ó là. Pánẹ́ẹ̀lì sólà mo yà kúrò lára kámẹ́rà, mo gbé e sórí òpó níbi tí òjìji igi máńgòrò kò dé, mo sì kọjú rẹ̀ sí gúúsù, nítorí a wà ní ìhà àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì.

Ti ẹ̀yìnkùlé ni mo yí títí ó fi jẹ́ pé ẹnu kànga àti ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ nìkan ló wọ inú rẹ̀. Ìyá mi dúró sínú balùwẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ṣé o rí mi?” Mo ní rárá. Ó bọ́ sí apá kejì. Mo ní rárá. Kò gbà mí gbọ́, àfìgbà tó gba fóònù tó sì rán ọmọ lọ dúró síbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó ṣe bí olè. Ó rìn bọ̀ tààrà láti inú oko kòkó sí ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, kámẹ́rà ń sùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án kó tó jí. Ẹni tó ń bọ̀ tààrà kì í tètè jí i bíi ti ẹni tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo gbé e lọ sí igun ilé kejì, kó jẹ́ pé ọ̀nà oko yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá ní ìbú. Ó tún rìn. Kò tíì dé kànga tí fóònù mi fi ké. Ìyá mi tí kò mọ̀ pé a tún ń dán an wò pariwo “Olè!”, àwọn ará ilé kejì sì jáde pẹ̀lú àdá. A bẹ̀ wọ́n, a sì gba nọ́ńbà wọn àti ti ọdẹ abúlé lọ́jọ́ náà, nítorí láti Èkó, kí ni mo fẹ́ ṣe fún olè ju kí n máa wò ó lọ?

Bátìrì ti iwájú kú ní ọjọ́ kẹrin. Mo rò pé ààrò gàrí obìnrin tó wà lódìkejì ọ̀nà ni, nítorí ooru rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń yí i ká ń jí kámẹ́rà láti ìdájí. Lóòótọ́ ó wà nínú rẹ̀. Mo lọ kí i, mo fi fóònù hàn án, mo sì yí ojú kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bu gàrí kóńgò kan fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ áàpù wò dáadáa, àwa ọmọ gan-an ni. Ẹni márùn-ún ni mo fún láyè, ẹni márààrún sì ń fi ojoojúmọ́ wo ìyá wọn bíi sinimá. Bí ẹnì kan bá ti ṣí i, kámẹ́rà kò lè sùn, dátà náà sì ń lọ. Mo yọ ẹni mẹ́ta kúrò. Wọ́n ṣì ń bá mi jà.

Ó ti pé oṣù méje báyìí. A ti ra pọ́ǹpù míràn. Iṣẹ́ tó kù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni kó máa fi ìgbálẹ̀ gbá okùn aláǹtakùn kúrò lójú kámẹ́rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí kòkòrò ń wá bá a lóru, aláǹtakùn sì ń tẹ̀ lé kòkòrò. Ìyá mi tí kò fẹ́ kí wọ́n wo òun kò ra káàdì fóònù mọ́ báyìí. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, yóò jáde síwájú ilé, yóò ju ìborùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú kámẹ́rà, fóònù mi yóò ké ní Èkó, n ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ọmọ mi, gáàsì ti tán o.”