Bí Ènìyàn Ṣe Lè Wọ Iṣẹ́ Fọ́rẹ́ńsíìkì ní Nàìjíríà

Inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ fọ́rẹ́ńsíìkì, ìyẹn fífi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ẹ̀rí ọ̀ràn fún ilé ẹjọ́, ti rí i: ẹnì kan ṣoṣo ní ń yẹ òkú wò, òun náà ní ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òun ní ń tú fóònù, òun náà ni yóò sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ̀daràn lọ́wọ́ kí fíìmù tó parí. Iṣẹ́ bíi mẹ́rin ni wọ́n kó lé ẹni yẹn lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń fẹ́ gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ máa yẹ òkú wò láti mọ ohun tó pa á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di dókítà. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọdún kan NYSC, kó tó wá kan ẹ̀kọ́ patọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun tí àìsàn àti ìpalára ń ṣe sí ara, tó máa ń gbà tó ọdún márùn-ún. Ọ̀nà náà gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó rìn ín dé òpin kò pọ̀, òfin sì nílò wọn. Láti ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa wádìí ikú òjijì àti ikú tó mú ìfura dání. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, tí gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, irú àwọn dókítà wọ̀nyí ló jókòó ti òkú tó ti jóná, tí wọ́n gba ohun tí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò DNA, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan lè gbé ẹni tirẹ̀ lọ sin.

Fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe dókítà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó má ṣe fi oyè àkọ́kọ́ lépa orúkọ náà, fọ́rẹ́ńsíìkì. Kó kọ́ kẹ́mísírì, bàyókẹ́mísírì tàbí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ìṣègùn dénú, kó tó fi oyè kejì kọ́ fọ́rẹ́ńsíìkì. Ẹni tó mọ kẹ́mísírì lè yẹ oògùn olóró wò fún NDLEA, ó sì lè yẹ oúnjẹ wò fún NAFDAC. Bí ibì kan kò bá gbà á, ibòmíràn lè gbà á. Àyè iṣẹ́ kò pọ̀ rárá: ilé àyẹ̀wò DNA tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2017, àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́ nínú rúkèrúdò oṣù kẹwàá, ọdún 2020.

Ohun tí wọn kì í fi hàn nínú fíìmù ni ìwé kíkọ. Ká ní ẹ̀wù kan wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti gún èèyàn lọ́bẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò ká a sínú ọ̀rá, yóò sì so ó pa. Ọ̀rinrin inú ọ̀rá yóò jẹ́ kí ẹ̀wù náà bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀, DNA ara rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, yóò wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, yóò jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ, yóò fi í sínú àpò bébà, yóò lẹ ẹnu rẹ̀ pa, yóò sì kọ nọ́ńbà, ọjọ́, aago àti orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá gba àpò yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fàyè gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe nípa sáyẹ́ǹsì tàbí ìtẹ̀ka, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ lè má bi yín ní ohunkóhun nípa sáyẹ́ǹsì. Ó lè kàn bèèrè pé, "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ ta ni àpò yìí wà?"

Bákan náà ló rí fún àwọn tó ń tú fóònù àti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí EFCC ń lò gidigidi: abala 84 Òfin Ẹ̀rí yẹn kan náà béèrè ìwé tó jẹ́rìí sí ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni èyí yẹ. Oníṣirò owó náà lè gba ọ̀nà yìí wọlé, nípa títọ pinpin owó tí wọ́n kó jẹ.

Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Kò sí yàrá àyẹ̀wò níbẹ̀. Ìdí tí èèyàn fi ń dáràn àti ohun tó yẹ kí ìlú ṣe sí i ni wọ́n ń kọ́. Yunifásítì NOUN ń kọ́ ọ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ètò ààbò, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ sì lè kọ́ ọ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2019 ti dá ẹ̀ka ìjìyà tí kò ní ẹ̀wọ̀n nínú sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ti wà fún irú ìmọ̀ yìí níbẹ̀.

Kí ẹ tó san owó fún ẹ̀kọ́ kankan, ẹ lọ jókòó sí ilé ẹjọ́ gíga tó súnmọ́ yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ pa fóònù yín, ẹ mú bírò lọ́wọ́, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí wọn yóò bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè nípa ìwé tó kọ.